Iṣan, Ẹ̀jẹ̀ àti Ọkàn: Àyẹ̀wò Èdè Ìmọ̀ Ẹ̀yà Ara Nínú Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì ní Èkó

1.0 Ìfáárà

Iṣẹ́ lámèyítọ́ lórí èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ mọ sórí ìtàn àròsọ, ewì àti eré-oníṣe nìkan. Níbikíbi tí ènìyàn bá ti ń lo èdè láti mú kí ohun tí ó ṣòro yé ẹlòmíràn, lámèyítọ́ ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀ ni kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ti ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn àti iṣẹ́ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ẹ̀kọ́ yìí wà lára àwọn ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ dojú kọ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ó bá wọ ilé ẹ̀kọ́, orí rẹ̀ sì ni a ń kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó kù lé.

Ní Erékùṣù Èkó, ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì. Nínú kíláàsì àti nínú ìdánwò, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ ọ, òun náà ni a sì fi ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Òdàn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1893, tàbí ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tí ó wà ní òpópónà Massey, ìyá àgbà tí ó ti Ìsàlẹ̀ Èkó wá kò ní sọ̀rọ̀ bí ìwé ṣe sọ ọ́. Yóò ní inú ń run òun, àyà òun ń já, iṣan òun ń fà. Nọ́ọ̀sì ni ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wá ibi tí ó bá a mu nínú ohun tí ó kọ́, kí ó sì dá èsì padà fún ìyá náà ní èdè tí yóò yé e.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe ni láti yẹ èdè náà wò ní àwọn ibùdó tí ó ti ń ṣiṣẹ́: ní ìsọ̀ alápatà, nínú ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà, nínú orúkọ àrùn, àti nínú àkànlò-èdè. Èrò tí iṣẹ́ náà dúró lé ni pé èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún inú ara. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ibi tí Yorùbá ti pín ara yàtọ̀ sí ibi tí ìwé ti pín in. Nítorí náà, kí a kàn máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan kò lè jẹ́ ojútùú gbogbo rẹ̀.

2.0 Ìsọ̀ Alápatà Gẹ́gẹ́ bí Ìwé Àkọ́kọ́

Ọmọ tí a bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó ti mọ púpọ̀ nínú orúkọ ohun inú kí ó tó di akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ ti rán an lọ sí ìsọ̀ alápatà. Ó mọ ẹ̀dọ̀, ó mọ fùkùfúkù, ó mọ kíndìnrín, ṣàkì, àbọ̀dì, pọ̀nmọ́ àti bòkótò. Nígbà tí olùkọ́ bá ya àwòrán ẹ̀dọ̀ sójú pátákó, ohun tí ọmọ yìí ti fi ọwọ́ kàn, tí ó ti gé, tí ó sì ti jẹ ni a ń fi hàn án. Àǹfààní ńlá ni èyí, ó sì yẹ kí olùkọ́ lò ó.

Ṣùgbọ́n ìwé ọjà yìí ní ibi tí ó ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Yàrá mẹ́rin ni ikùn màlúù ní, ọ̀kan nínú wọn sì ni ṣàkì. Yàrá kan ṣoṣo ni ti ènìyàn. Kíndìnrín màlúù pín sí kókó-kókó, ti ènìyàn jọ̀lọ̀, ó sì rí bí hóró ẹ̀wà ńlá. Ìhà mẹ́tàlá ni màlúù ní ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, méjìlá ni ènìyàn ní. Ní ti ọkàn, àwọn méjèèjì bára mu nítorí pé yàrá mẹ́rin ni ọkàn màlúù àti ti ènìyàn ní. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ibi tí àfiwé náà dé àti ibi tí ó ti dúró yóò jèrè rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa wá ṣàkì nínú ènìyàn.

Àléébù kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí ó ti kú, tí a sì ti gé sọ́tọ̀, ni ọjà ń sọ lórúkọ. Ọkàn tí ó wà lórí tábìlì alápatà kò lù mọ́. Fùkùfúkù tí ó wà nínú àwo kò mí mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀, tí ó dún bí ohun tí ó fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ sì wà nínú rẹ̀, ṣì ń rán ènìyàn létí iṣẹ́ tí ó ti ṣe. Èyí já sí pé ọjà lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdajì àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, èyí tí í ṣe orúkọ àti ìrísí ẹ̀yà. Kò lè kọ́ ọ ní ìdajì kejì, èyí tí í ṣe bí ẹ̀yà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

3.0 Ìwé Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Ń Kà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé tí Janet Ross àti Kathleen Wilson kọ, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1963, wà lára àwọn ìwé tí ó gbajúmọ̀ jù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà. Anne Waugh àti Allison Grant ni ó tún un ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní. Ó yẹ kí a kà á gẹ́gẹ́ bí ìwé, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àpótí tí a kó òtítọ́ sí nìkan, nítorí pé ó ní ètò, ó ní ohùn, ó sì ní àfiwé tirẹ̀.

Ètò rẹ̀ gún régé. Láti orí ohun tí ó kéré jù ni ó ti bẹ̀rẹ̀, tí ó sì gun àkàsọ̀ dé orí odindi ara. Lẹ́yìn èyí ni ó pín iṣẹ́ ara sí ọ̀nà ńláńlá: bí ara ṣe ń ránṣẹ́ láti apá kan sí apá kejì, bí ó ṣe ń gba ohun èlò wọlé tí ó sì ń kó ìdọ̀tí jáde, bí ó ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀. Àfiwé tí ó fara pamọ́ sínú ètò yìí ni ti ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ó ní olùránṣẹ́, ẹnu ọ̀nà, ibi ìkódọ̀tí àti ẹ̀ṣọ́. Àfiwé tí ó dára ni, ó sì rọrùn fún ọmọ Èkó láti gbà, nítorí pé ìlú tí ó ní èbúté ni Èkó. Ọmọ rẹ̀ mọ ohun tí a ń pè ní kí ẹrù wọlé kí ẹrù sì jáde.

Ibi tí a ti lè bá ìwé náà wí ni pé ara tí ó ń ṣàpèjúwe kò ní ẹnu. Kò sí ibi tí ara náà ti sọ bí ó ṣe rí lára òun ní ọ̀nà tí ará Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń gbà sọ ọ́. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó kọ ọ́. Àwọn ènìyàn tiwọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ wọn, orúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ fún kíndìnrín nínú kíláàsì ni aláìsàn náà yóò pè é. Àwọn náà ní ìṣòro tiwọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì àti Látìnì pọ̀ nínú ìwé náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fi ń kọ́ èdè àjèjì. Ṣùgbọ́n odò kan ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń là kọjá. Méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ Èkó ń là, ó sì gbọ́dọ̀ là wọ́n padà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn.

Ìtàn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fi ìdí odò kejì yìí hàn. Kofoworola Abẹ̀ní Pratt, ẹni tí a bí sí Èkó ní ọdún 1915, ní láti lọ kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1946, kí ó tó padà wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátíróònù ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn. Ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ náà gbà wá ni èdè rẹ̀ gbà wá. Ẹni tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní ọdún 1987, Justus Akinsanya, jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó tẹnu mọ́ ọn pé kò yẹ kí ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè tí a ń kọ́ nọ́ọ̀sì jẹ́ ìmọ̀ dókítà tí a bu omi là. Ó yẹ kí a yàn án, kí a sì tò ó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìtọ́jú ṣe nílò rẹ̀. Bí a bá gba èrò yìí, ó di dandan kí a béèrè èdè tí a ó fi ṣe ìtọ́jú náà.

4.0 Iṣan

Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó fi ìṣòro yìí hàn bí iṣan. Nínú Yorùbá ojoojúmọ́, iṣan ni ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣan náà ni okùn líle tí ó so ẹran mọ́ eegun. Iṣan ni ẹran tí ó ń le nígbà tí ènìyàn bá ká apá kò. Iṣan sì tún ni okùn tín-ínrín tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara. Ohun mẹ́rin tí ìwé pín sí ọ̀nà mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé dání.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá yára sọ pé àìlóye ni èyí yóò ṣe àṣìṣe. Nínú èdè Gíríìkì àtijọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún okùn tí ó so ẹran mọ́ eegun àti fún èyí tí ó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ kiri. Àwọn oníṣègùn ìlú Alẹkisáńdíríà, Herophilus àti Erasistratus, ni ó ya iṣẹ́ àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ní ohun tí ó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn. Ohun tí ojú lásán àti ọwọ́ lè rí nínú ara ni okùn funfun àti okùn pupa tí ó na lọ. Kí a tó mọ iṣẹ́ wọn, kò sí ohun tí yóò mú kí a fún wọn ní orúkọ tí ó yàtọ̀. Ìmọ̀ nípa iṣẹ́ ni ó ń pín orúkọ.

Níbo ni ewu wà? Ẹ jẹ́ kí a wo abẹ́rẹ́ tí a ń gún sí ìdí. Ẹran ìdí ni abẹ́rẹ́ náà ń wá, iṣan sì ni. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni kò gbọdọ̀ bọ́ sí, iṣan sì ni. Okùn ńlá tí ó gba ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kàn, iṣan sì ni òun náà. Oògùn penisilíìnì alágbára pípẹ́ tí a ń pè ní benzathine, ẹran ara nìkan ni a ń gún un sí; bí ó bá bọ́ sí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró. Bí abẹ́rẹ́ bá sì ba okùn tí ó lọ sí ẹsẹ̀ jẹ́, ọmọ náà lè máa wọ́ ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti pín ìdí sí mẹ́rin kí ó sì gún ìdá òkè tí ó wà lápá òde, tí a sì ń gún ọmọ ọwọ́ ní itan.

Nínú wọ́ọ̀dù, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nínú ìwé àṣẹ dókítà ni ó ń gba nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ àṣìṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá bá gbé ọmọ rẹ̀ dé ilé, tí ó sì sọ fún ẹlòmíràn pé iṣan ni wọ́n gún ọmọ òun sí, gbólóhùn náà kò sọ ohunkóhun tí ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ náà lẹ́yìn lè dì mú. Bóyá ẹjọ́ ni ó ń rò, bóyá ìròyìn lásán ni; kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ ọ́n láti inú ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀nà àbáyọ wà nínú èdè fúnra rẹ̀. Èdè Yorùbá máa ń fi gbólóhùn ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ kan kò lè ṣe. Ìyá tí a sọ fún pé ẹran ìdí ni a gún kò ní ṣì í gbọ́. Bákan náà, ẹni tí ó bá sọ iṣan àlọ fún èyí tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn, tí ó sì sọ iṣan àbọ̀ fún èyí tí ó ń gbé e padà, ti kọ́ ènìyàn ní ohun tí Harvey fi hàn ní ọdún 1628, pé ẹ̀jẹ̀ a máa lọ, a sì máa bọ̀. Orúkọ yìí tilẹ̀ sàn ju àlàyé tí a sábà ń fi há akẹ́kọ̀ọ́ lórí, pé èyí ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ó mọ́, èyí sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ó dọ̀tí. Àlàyé yẹn wó lulẹ̀ nígbà tí a bá dé ẹ̀dọ̀fóró, nítorí pé iṣan àlọ tí ó ti ọkàn lọ síbẹ̀ ni ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́ tó, iṣan àbọ̀ tí ó ń ti ibẹ̀ padà sì ni ó ń gbé èyí tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ kò yẹ̀ níbì kankan.

5.0 Orúkọ Àrùn àti Ibi Tí Àrùn Wà

Orúkọ àrùn nínú Yorùbá kì í sábà sọ ibi tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ojú rí ni ó ń sọ. Rọpárọsẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Apá àti ẹsẹ̀ ni orúkọ náà dárúkọ, apá àti ẹsẹ̀ náà sì ni àwọn ẹbí yóò máa fi òróró pa. Ẹ̀kọ́ kíláàsì sọ pé ọpọlọ ni ó ṣẹlẹ̀ sí, àti pé apá òsì ọpọlọ ni ó ń darí ọ̀tún ara. Bí a bá ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún lójoojúmọ́ láìwo ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ti iṣan ọpọlọ, ẹ̀ka ni a ń tọ́jú tí a fi gbòǹgbò sílẹ̀. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín sí àwọn tí ó ń fi òróró pa á, nítorí pé gbígbé apá àti ẹsẹ̀ náà wà lára ohun tí nọ́ọ̀sì pàápàá yóò sọ fún wọn láti máa ṣe.

Àpẹẹrẹ kejì ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Òkun ni ó ń ru, ọtí ni ó ń ru, ìlú tí kò tòrò náà a sì máa ru. Ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni ìdàrúdàpọ̀ tí a lè fojú rí, tí ó sì lè rọlẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru yóò máa retí kí òun mọ̀ ọ́n lára. Bí ọkàn rẹ̀ bá sì ti balẹ̀, tí orí kò fọ́ ọ, yóò rò pé ó ti rọlẹ̀, yóò sì pa oògùn tì. Ohun tí ìwé ń sọ yàtọ̀ sí èyí. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, agbára náà sì lè pọ̀ jù fún ọdún pípẹ́ kí ẹni tí ó ni ara má mọ̀. Afiwé tí ó wà nínú orúkọ náà dára lójú akéwì, ṣùgbọ́n ó lè pa ènìyàn.

Ó yẹ fún àkíyèsí pé ìgboro ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìfúnpá ni orúkọ oògùn tí àwọn baba ńlá ń so mọ́ apá fún ààbò. Nígbà tí aṣọ tí nọ́ọ̀sì ń wé mọ́ apá láti fi wọn agbára ẹ̀jẹ̀ dé, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí pe ohun tí a ń wọ̀n náà ní ìfúnpá. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó pàṣẹ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gbé èrò fífún àti agbára dání, kò sì ṣèlérí pé ara yóò mọ̀ ọ́n. Nípa bẹ́ẹ̀, ó sún mọ́ òtítọ́ ju ẹ̀jẹ̀ ríru lọ. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ń lo méjèèjì, tí ó fi ti àkọ́kọ́ mọ ohun tí aláìsàn ń sọ, tí ó sì fi ti ìkejì ṣàlàyé, ti ṣe iṣẹ́ atúmọ̀ tí ó dára.

Fòníkú-fọ̀ládìde ni àpẹẹrẹ kẹta. Ìwé sọ pé ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó yẹ kí ó rí roboto ni ó tẹ̀ bí dòjé, tí ó sì ń dí àwọn iṣan tín-ínrín, èyí tí ó ń fa ìrora. Orúkọ Yorùbá kò sọ nǹkan kan nípa èyí. Ohun tí ó sọ ni bí ìgbésí ayé ọmọ náà ṣe rí: ó dà bí ẹni pé ó kú lónìí, ó dìde lọ́la. Ìwé kò ní irú ìmọ̀ yìí. Orúkọ náà mọ òru tí ìyá fi jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún gbé ikú sí iwájú ọmọ tí ó lè dàgbà, tí ó lè gbéyàwó, bí a bá tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ. Lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ sọ méjèèjì.

6.0 Ọkàn, Àyà, Inú àti Ẹ̀dọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ pé ọkàn ń lù ní nǹkan bí ìgbà 60 sí 80 láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, tí ó sì ń ti nǹkan bí lítà márùn-ún ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú náà. Lẹ́nu aláìsàn, ọkàn ni ibi tí èrò wà. Ọkàn a máa balẹ̀, a sì máa pòrúurùu. Nígbà tí ohun tí ó ń lù nínú ìhà bá yí padà, àyà ni a ń dárúkọ: àyà ń já, àyà ń lù kìkì. Nọ́ọ̀sì tí ó bá béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà pé, "Màmá, ṣé nǹkan kan ń ṣe ọkàn yín?" lè gbọ́ ìtàn ọmọ tí ó wà ní òkè òkun tí kò kọ̀wé sílé. Bí ó bá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ṣé àyà yín máa ń lù kìkì bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn?" yóò gbọ́ ohun tí ó ń wá. Ìbéèrè méjèèjì tọ̀nà. Ìyàtọ̀ wọn kò sì sí nínú ìwé kankan tí a fi ń ṣe ìdánwò.

Inú náà rí bẹ́ẹ̀. Inú ni ikùn, inú ni ilé ọmọ, inú sì ni ibi tí ìbínú àti ayọ̀ wà. Obìnrin tí ó ní inú ń run òun lè máa tọ́ka sí ìfun, sí ilé ọmọ tàbí sí ikùn. Ibi tí ó fi ọwọ́ lé ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́. Níhìn-ín, ọwọ́ ni ó ń parí gbólóhùn.

Ṣùgbọ́n àkànlò-èdè kì í ṣi ènìyàn lọ́nà nígbà gbogbo. Nígbà tí àgbàlagbà bá rọ ènìyàn pé kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro, sùúrù ni ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ní. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣí ìwé rẹ̀, yóò rí i pé abẹ́ ẹ̀dọ̀ gan-an ni àpò òróòro wà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí ti rí inú ẹran rí, ó sì wò ó dáadáa. Olùkọ́ tí ó bá fi àkànlò-èdè yìí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀dọ̀ kò ní láti fi ipá há ibùjókòó òróòro sórí ẹnikẹ́ni mọ́.

7.0 Ara Tí A Yá

Nínú ìwé Amos Tutuola tí Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952, ìtàn kan wà tí àwọn Yorùbá ti ń pa kí òǹkọ̀wé náà tó kọ ọ́: ti arẹwà ọkùnrin tí obìnrin kan tẹ̀lé láti ọjà. Bí wọ́n ti ń lọ ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn tí ó ni wọ́n, títí ó fi ku agbárí nìkan. Òjíṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ní Èkó ni Tutuola nígbà tí ó kọ ìwé náà. Ó sì ṣe kòńgẹ́ pé Faber kan náà ni ó ń tẹ ìwé tí Evelyn Pearce kọ lórí ẹ̀yà ara fún àwọn nọ́ọ̀sì.

Ó ṣeé ṣe láti ka ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí àríwísí sí ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ẹ̀yà ara. Ẹ̀kọ́ náà ń tú ara palẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: eegun 206, lẹ́yìn náà ẹran, lẹ́yìn náà ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè rìn títí dé ìparí ọ̀nà kí ó wá rí i pé agbárí nìkan ni òun ń bá lọ. Ó mọ orúkọ gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó ni ara ti pòórá. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ara fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ìrìn àjò ìpadàbọ̀, tí a ó fi máa gba ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan padà lọ́nà, títí a ó fi dé ọjà pẹ̀lú odindi ènìyàn. Aláìsàn tí ó wà lórí ibùsùn ní Òdàn ni odindi ènìyàn náà.

8.0 Àtakò àti Ìdáhùn

Àtakò méjì ni ó ṣeé ṣe kí a gbé dìde. Àkọ́kọ́ ni pé ohun tí a nílò ni ìwé èdè-ìperí, irú èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe apá kejì rẹ̀ ní ọdún 1990. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn ìwé méjèèjì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá kò sì lè ṣe láìsí wọn. Ṣùgbọ́n akẹ́gbẹ́ ni àwọn tí ó ń lo ọ̀rọ̀ inú wọn. Onímọ̀ ń bá onímọ̀ sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kò bá akẹ́gbẹ́ sọ̀rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Bí ó bá lo ọ̀rọ̀ tuntun tí ìgbìmọ̀ ṣẹ̀dá lánàá, ó lè jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé, kí ó má sì yé aláìsàn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìwé èdè-ìperí yóò wúlò fún olùkọ́ àti fún àwọn tí ó ń kọ̀wé. Àlàyé ni yóò wúlò fún aláìsàn.

Àtakò kejì ni pé Èkó kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ègùn, Ìgbò, Hausa àti àwọn mìíràn ń bẹ lórí ibùsùn kan náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti kọ́ láti tẹ́tí sí ibi tí èdè kan ti pín ara yóò mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ béèrè bí èdè mìíràn ṣe pín in. Ẹni tí kò kọ́ ọ nínú èdè ìyá rẹ̀ kò ní kọ́ ọ nínú ti ẹlòmíràn.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìsọ̀ alápatà fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní orúkọ, ìwé fún un ní ètò, orúkọ àrùn fún un ní ìrírí aláìsàn, àkànlò-èdè sì fún un ní ohun tí àwọn àgbà ti fojú rí. Kò sí ọ̀kan tí ó tó fúnra rẹ̀. Ibi tí gbogbo wọn ti ń pàdé ni ẹnu nọ́ọ̀sì.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àlàyé ẹnu tí nọ́ọ̀sì ń ṣe fún aláìsàn jẹ́ ìlò èdè tí ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá máa gbà sílẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ̀ wò bí wọ́n ti ń yẹ ìjálá àti rárà wò. Ó sì yẹ kí ìdánwò ẹ̀yà ara ní apá kan tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti ṣàlàyé ní èdè abínibí fún ẹni tí kò kàwé: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ tí ó sì ń bọ̀, ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ pa oògùn ìfúnpá tì, ibi tí a gún abẹ́rẹ́ sí. Máàkì rẹ̀ kò ní ṣòro láti fún un. Bí ẹni náà bá lè tún un sọ lọ́nà tí ó tọ́ nígbà tí ó bá délé, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti yege.